Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Kò Dun Màmá

Màmá já Tẹjú ọmọ rẹ̀ léèékánná lábẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì. Ohun tó ń sọ yé Tẹjú: pa ẹnu ẹ mọ́.

Láti Òkukù ni wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun. Ó ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá Màmá jà, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jiná. Lónìí, Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ náà ti rí.

"Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn, mà?"

"Bí ọmọ tuntun, lágbára Jésù!"

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Mò ń jẹun bí ọ̀gá ọlọ́pàá."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Tẹjú kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ àná ló ká Màmá mọ́ ibi tó ti ń da oògùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí kòtò. "Ó ti sú mi," ni Màmá wí. "Jẹ́ kí n lọ sinmi. Bó o bá sọ fẹ́nikẹ́ni, mi ò ní dárí jì ẹ́."

"Mà," ni nọ́ọ̀sì tún wí, "àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ lè gba oorun àti okun lára èèyàn. Ẹ jẹ́ n béèrè lọ́nà mìíràn. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ kò bá dùn yín, kí ló máa ń wù yín ṣe?"

Màmá fa ìró rẹ̀ bo egbò ẹsẹ̀ náà. "Onígbàgbọ́ kì í fẹnu ara ẹ̀ pe ibi," ló wí. "Ara mi le."

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ pe ẹlòmíràn. Bí Tẹjú bá dákẹ́, oògùn mìíràn ni wọ́n máa gbé lọ sílé tí Màmá yóò dà nù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò rí bẹ́ẹ̀! Lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ Bùrọ̀dá Fúnṣọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìnísà, ẹsẹ̀ kò dun Màmá rárá. Ọmọọmọ wọn àkọ́kọ́ ni, wọn ò gbé e! Wọ́n kọjú sógiri. Wọ́n sì ń da oògùn abẹ́rẹ́ wọn nù."

"Tẹjú! Ìwọ lo tú mi síta?"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ Màmá mú. "Mà, ṣé ó máa ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ má jí mọ́?"

Màmá bú sẹ́kún. "Lójoojúmọ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Àìsàn lèyí náà, ó sì ní ìtọ́jú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Wọn kò jẹ́ kí Màmá padà sílé lọ́jọ́ náà. Dókítà tó ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a sọ̀rọ̀, ó sì fún un lóògùn. Ṣùgbọ́n Màmá kò bá Tẹjú sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń gbé oúnjẹ wá, Màmá ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé abọ́ lọ láìgbọ́ "o ṣeun". Ó máa ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó fajú ro. "Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ta ló kọ́ ẹ lọ́bẹ̀ sísè?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

"Mi ò kọ́ ẹ báyìí o. Jókòó síbí, olófòófó mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbàgbọ́ kò ní ká purọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú wa. Olúwa tó dá ẹsẹ̀ ló dá ọkàn, méjèèjì ló sì ń ṣàìsàn. Bí àṣírí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá fẹ́ pa á, ẹ má bá a pa á mọ́.