Ohun Tí Merran Kọ Láìrí

Inú awò awọ̀nàjíjìn ni Merran Heddle ti kọ́kọ́ rí Erlend Muir, ọkùnrin náà sì ń bá ajá òkun wíjọ́. Ó fi ikùn ti etí ọkọ̀ rẹ̀, ó na ìka sí ẹran náà, ó ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀ wí. Ajá òkun yọ orí róbótó láàárín omi, omi ń kán tó-tó-tó lára irun imú rẹ̀, ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ tán kó tó fèsì. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ṣí fìlà pupa orí ọkùnrin náà, ó gbé e sọ sómi. Ajá òkun sún mọ́ fìlà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó rì.

Merran nìkan ló wà nínú ahéré onípákó lórí òkè, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bo awò. Ìgbà tó nu ojú tán ló rántí iṣẹ́. Ó gbé rédíò.

"Ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ajá òkun kan ti sún mọ́ ọn jù."

"A ti gbọ́," ohùn ọkùnrin dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó dá fìlà mi padà."

"Ẹ̀yin lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ sọ fún un fúnra yín."

Ọkùnrin náà gbé ojú sí orí òkè. "Ṣé mò ń gbọ́ pé ẹ ń wò mí ni?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n wo gbogbo ẹran tó bá wà lójú omi," ni Merran wí, ó sì pa rédíò.

Fersay ni orúkọ erékùṣù náà, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù kéékèèké Orkney, ní òkè pátápátá ilẹ̀ Scotland. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí. Mo ti pẹ́ kúrò níbẹ̀, ibi tí mo ń gbé báyìí sì jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo ṣì ń gbọ́ bí omi yẹn ṣe ń kùn. Láàárín Fersay àti erékùṣù kejì, òkun há, omi sì ń sáré gba ibẹ̀ bí odò ìgbà òjò, wákàtí mẹ́fà sí ìhín, wákàtí mẹ́fà sí ọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ kan wá gbé ẹ̀rọ ńlá kan rì sísàlẹ̀ omi náà, kí ìṣàn òkun lè máa yí apá irin rẹ̀, kó sì máa mú iná mànàmáná wá. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ajá òkun, ẹran tí àwọn òyìnbó ń pè ní seal, ń gbà lọ wá ẹja jẹ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ omi láti orí òkè. Bí ẹran bá ti wọ àádọ́ta mítà sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró.

Merran lẹni náà. Ọmọ Fersay ni, ó kàwé nípa ẹran inú òkun ní Aberdeen, ó sì padà wálé. Erlend ni atukọ̀ tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, erékùṣù mìíràn ló ti wá.

Lọ́jọ́ kejì ó gun òkè wá, orí rẹ̀ kò ní fìlà, wàràkàṣì àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà báálì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá wo ẹni tó ń pe èèyàn ní ẹran."

"Mi ò pe yín ní ẹran. Mo ní mò ń wo ẹran, ẹ sì wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Irú ẹran wo wá ni mí?"

Merran gbé awò sójú, ó wò ó láti ibi ẹsẹ̀ méjì. "Ojú gùn díẹ̀. Ó ń pariwo. Ó fẹ́ràn oúnjẹ. Akọ ni."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Erlend kì í gun òkè yẹn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ajá òkun olórí gígùn mọ̀ yàtọ̀ sí olórí kúkúrú. Ó rí i nínú ìwé Merran pé bí ẹ̀rọ bá ń yí, àwọn ẹran náà máa ń yà fún un, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá. Bí omi bá sì rọ̀ tí ẹ̀rọ dúró, wọ́n á tún máa gba àárín. Àwọn kan ti kó kúrò lórí àpáta tó sún mọ́ ọn jù lọ, wọn kò sì padà. Gbogbo rẹ̀ ni Merran ń kọ sílẹ̀, èyí tó dùn mọ́ ilé-iṣẹ́ àti èyí tí kò dùn mọ́ wọn. Ohun tó jẹ́ kí Erlend fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, tí ilẹ̀ kì í ṣú bọ̀rọ̀, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "olólùfẹ́ mi" láìtijú.

Baba Merran nìkan ló kù tí kò tíì gbà. Jeemie Heddle ní ń dẹ ìgèrè fún akàn, ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí gan-an ni òun àti baba rẹ̀ ti ń dẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dẹ ìgèrè níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú; òun àti Merran nìkan ló wà nílé.

"Ṣé ìwọ lo gba òkun lọ́wọ́ wa?" ó bi Erlend lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé.

"Bàbá, èmi kọ́. Mo kàn ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ ni."

"Bí olè ṣe ń wí náà nìyẹn. Á ní òun kàn ń bá wọn tọ́jú ẹrù ni."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó jókòó ná," ni Merran wí.

"Ṣé mo ní kó dúró ni? Àga wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba ìyẹn lọ́wọ́ wa."

Erlend jókòó, ó mu tíì, ó dúpẹ́. Jeemie yí àga tirẹ̀ sí fèrèsé títí ó fi lọ.

Ní oṣù kẹwàá, òkun gbé òkú ajá òkun mẹ́ta wá sí etíkun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Egbò kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó yí ara ẹran náà ká lọ sísàlẹ̀, etí egbò náà mọ́ gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ bó ọsàn. Gbogbo Fersay wá wò ó. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ tí kò ronú kan irin tó ń yí.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ omi, nítorí ó wà ní dídúró fún àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n irin ń yí lábẹ́ ọkọ̀ Erlend pẹ̀lú. Ìjọba ní kí Merran kọ èrò rẹ̀ wá. Ó jókòó ti ìwé náà ní odindi ọjọ́ kan. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà ní ó ń gbè sẹ́yìn olólùfẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́, ó kọ pé egbò náà jọ ti irin abẹ́ ọkọ̀, kò sì rí ohun mìíràn tó lè fà á.

Wọ́n so ọkọ̀ Erlend mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ tíì padà ṣiṣẹ́. Ní ilé ìtajà, obìnrin tó ń tà níbẹ̀ kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gbẹ́ni apẹran," àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ó gun òkè lọ bá Merran.

"Ṣé o fojú rí i?"

"Rárá."

"Ojoojúmọ́ lò ń wò mí nínú awò yìí. Ṣé o rí ọjọ́ kan tí mo wa ọkọ̀ lu ajá òkun?"

"Mi ò rí i. Ṣùgbọ́n Erlend, kí ló tún lè gé e báyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. O lè kọ ọ́ pé o ò mọ̀." Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. "O tilẹ̀ lè kọ́kọ́ bi mí. Inú lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ."

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun Merran jù.

Láti ọjọ́ náà oúnjẹ kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Jeemie ń rí i bó ṣe ń gbẹ lọ. Ilé-iṣẹ́ ti sọ fún Erlend pé kó máa lọ sí etíkun Scotland lọ́hùn-ún bí ọdún bá parí. Yóò lọ ni, tòun ti orúkọ apẹran.

Ní òpin oṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn abo ajá òkun bímọ sórí òkúta etíkun, Merran lọ ka àwọn ọmọ funfun wọn. Láti orí gegele ó rí akọ ńlá kan tó jáde láti inú omi. Akọ náà gbá ọmọ kan mú lọ́rùn, ó wọ́ ọ wọ inú omi tí kò jìn, ó ń fi eyín fà á ya, ọmọ náà ń yí bó ṣe ń fà á. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, Merran sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọmọ náà. Egbò náà yí òkú ká láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, ó mọ́ gẹ́lẹ́.

Ó sáré délé. Jeemie ń tún ìgèrè ṣe nídìí iná.

"Bàbá mi, akọ ajá òkun ni! Àwọn fúnra wọn ni! Mo fojú mi rí i!"

Jeemie kò gbé ojú sókè. Okùn dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn àpáta àríwá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí." Ó gbé ìgèrè kalẹ̀. "Irọ́ nìyẹn. Wọ́n gba ibi ìgèrè baba mi, inú mi dùn pé wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ. Mi ò mọ̀ pé wàá gbẹ báyìí."

Merran fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé òun náà kò bi ẹni tó yẹ kí òun bi. Ó jókòó ti baba rẹ̀, ó bá a di okùn ìgèrè náà mú.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n pe ìpàdé ní gbọ̀ngán. Merran dìde níwájú gbogbo Fersay, bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kọ ohun tí mi ò rí," ó ní. "Erlend Muir kò pa ajá òkun kankan. Èmi ni mo ṣì í kọ, mo sì ti kọ̀wé sí ìjọba bẹ́ẹ̀." Ó wá ṣàlàyé ohun tó rí.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Àbí ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀?"

Jeemie dìde. "Ẹ̀yin mọ̀ pé èmi ò nífẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin yìí o," ó ní, gbọ̀ngán sì rẹ́rìn-ín. "Èmi náà rí i, lẹ́ẹ̀mejì. Mo dákẹ́ nítorí ìkanra. Ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn, kó bú mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Erlend tó wà nídìí ilẹ̀kùn mi orí sí Jeemie, ó mi orí sí Merran, ó jáde. Ó bá ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ. Orúkọ rẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, Merran kò sì di í mú.

Òtútù ọdún náà pẹ́. Ní oṣù kẹrin, wọ́n tún ta ẹ̀rọ jí, pẹ̀lú àdéhùn tuntun: ní àsìkò ọmọ bíbí, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ etíkun àwọn abo, Jeemie sì lè dẹ ìgèrè ní apá àríwá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ahéré.

"Mo kọ lẹ́tà méje sí ọ," ni Erlend wí, láìkí i. "Mi ò fi ìkankan ránṣẹ́."

"Kí ló wà nínú wọn?"

"Ìbínú ló wà nínú mẹ́rin."

"Mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mo bá wá." Ó jókòó sórí àpótí. "Merran, mi ò ní kí o gbè mí. Kọ òtítọ́ rẹ, ìbáà ta mí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan nípa mi bá ń jẹ ọ́ lọ́kàn, èmi ni kí o kọ́kọ́ bi."

Merran gbé awò sílẹ̀. "Ó dáa. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn."

"Bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Erlend wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọkàn mi, o ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sinmi òkè tí mo gùn."

"Dáhùn, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

"Màá fẹ́ ọ. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Nílé wa lọ́hùn-ún, bí ìgbéyàwó bá ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó máa ń jí i gbé, wọ́n á da omi ṣúgà dúdú, ìyẹ̀fun àti ìyẹ́ adìẹ lé e lórí, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká nínú ọkọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú ariwo. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ ìyàwó nìkan ló ń fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Erlend kì í ṣe ọmọ Fersay, ó sì rò pé kò sẹ́ni tí yóò wá jí òun gbé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, katakata kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Jeemie ló wà á. Àwọn apẹja mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀, garawa wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀?" ni Erlend wí.

"Ta lo rò pé yóò jẹ́?" Baba arúgbó náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé garawa sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó rọra dà á lé e lórí, ó fara balẹ̀, kò jẹ́ kó wọ ẹyinjú rẹ̀. "Tẹrí ba díẹ̀, ọmọ mi. O ga ju bí mo ṣe rò lọ."

Wọ́n yí erékùṣù ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Merran sáré sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìyẹ́ bo Erlend láti orí dé bàtà, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Merran wá ibi tó mọ́ lójú rẹ̀ tí òun lè fẹnu kò. Kò rí. Ó fẹnu kò ó bẹ́ẹ̀.