Ìtànṣán Tí Kì Í Bá Aláìsàn Wálé

"Kareemah, fọwọ́, ká jẹun."

Ìyá rẹ̀ ti gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, ṣùgbọ́n Kareemah fà sẹ́yìn.

"Mo ti yó, Mọ̀mí."

Irọ́ gbuu! Ebi ń pa á débi pé inú rẹ̀ ń kùn.

Jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá ìyá rẹ̀ fínra, Ìbàdàn ló sì ti ń lọ gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Jemimah, ọ̀rẹ́ Kareemah, ló kìlọ̀ fún un níléèwé pé, "Ìtànṣán yẹn á máa jáde lára wọn o! Má bá wọn jẹun." Kareemah gbà á gbọ́ wọ̀ọ̀, ó tún kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Èmi lò ń sá fún? Bí ìtọ́jú yìí bá máa lé ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ mi, mi ò ṣe é mọ́."

Nígbà tí ọjọ́ Ìbàdàn pé, kò múra. Àyà Kareemah já. Ó sáré bá Ọ̀gbẹ́ni Àyàndìran, olùkọ́ físíìsì, ó sì rò fún un.

"Irin ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn," ni olùkọ́ wí. "Kóbáàtì lorúkọ rẹ̀. Ó le, ó ń dán bíi fàdákà tí wọ́n ta aró díẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ kì í tú ìtànṣán. Èyí tí wọ́n bá sọ di alágbára nílé iṣẹ́ átọ́míìkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ò rí ìtànṣán rẹ̀, síbẹ̀ ó ń wọnú ara lọ pa jẹjẹrẹ. Òun náà ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn lára abẹ́rẹ́ tuntun. Ó léwu fẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi òjé tó nípọn bò ó."

"Màmá mi ńkọ́, sà?"

"Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, tí o sì pa á, ṣé ojú mi á ṣì máa tàn?"

"Rárá, sà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kóbáàtì ò kúrò nínú ẹ̀rọ, ìtànṣán rẹ̀ ò sì bá wọn wálé."

Ẹnu ya Kareemah. Irin lásán-làsàn, tó ń gba ẹ̀mí là! Ojú sì tì í gidigidi. Bí wọ́n ṣe jáde níléèwé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó kúnlẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ má bínú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì béèrè. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ní Ìbàdàn, dókítà bínú sí ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ, ó sì fi ọjọ́ kún ìtọ́jú náà. Nígbà tí ìyá jáde nínú yàrá ẹ̀rọ, ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Omi lé ròrò lójú Kareemah. Ó sún mọ́ ọn, ó gbórí lé e léjìká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó sá fún ẹni tó fẹ́ràn yín.