Ẹ̀jẹ̀ Tí Èèrà Ń Lá

"Ìwọ lo fẹ́ pa á! Má purọ́ fún mi, Sunday! Ta ló ń di gàárì mọ́ ẹṣin níbí? Bàbá mi ni?"

"Ọ̀gá, mo fi ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún mi búra..."

"Fi ọmọ ẹ sílẹ̀! Ọlọ́pàá ti ń bọ̀!"

Ọ̀gá Adéjàre ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín aṣálẹ̀ Al Madam, ní ilẹ̀ Sharjah, tí itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀. Òun ló ni kámẹ́rà, òun ló ni eré, òun náà ló ń darí rẹ̀. Sunday tó ń tọ́jú ẹṣin wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yanrìn, ó di ẹsẹ̀ sòkòtò ọ̀gá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn wọn ni ẹṣin pupa náà dúró, kò sí gàárì lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Kò tíì pẹ́ tí Isaac Ọláyọdé já bọ́ lẹ́yìn ẹṣin yìí. Ó ń sáré bọ̀ níwájú kámẹ́rà, gìtá lẹ́yìn, fìlà dúdú lórí. Lójijì gàárì yí bìrí sábẹ́ ikùn ẹṣin. Isaac fi ọwọ́ òsì gúnlẹ̀ lórí òkúta. Àwọn tó dúró lókèèrè pàápàá gbọ́ bí egungun ṣe dún. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Al Dhaid.

Eré kábọ́ì lédè Yorùbá ni wọ́n ń ṣe, fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣebí àwọn bàbá wa n'Ìbàdàn, tí wọn ò fojú kan Amẹ́ríkà rí, ni wọ́n ń fi orin kọ́ńtìrì jí láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n á tún máa sunkún sí i. Isaac ń ṣọ́ ilé gogoro kan ní Silicon Oasis, ní Dubai. Tàófíìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ta fóònù ní Naif. Bedspace kan náà, yàrá àjọgbé tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì, ni wọ́n jọ ń gbé ní Karama, lórí bẹ́ẹ̀dì alájà: Isaac lókè, Tàófíìkì nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jọ ń kọrin ní ilé oúnjẹ kan ládùúgbò náà ni Adéjàre ti rí wọn. Ó sọ Isaac di akọni. Ó sọ Tàófíìkì di olè tí akọni máa ń yìnbọn pa.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n rí gàárì yẹn."

Sẹ̀kínátù ló sọ̀rọ̀. Òun ló ń bójú tó ààbò ibẹ̀. Kó tó gba físà wá sí Dubai, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá l'Abẹ́òkúta. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kan ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹnu náà ò tíì pa dé títí di òní.

"Kí lo fẹ́ rí?" Adéjàre na ìka sí Sunday. "Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà lára gàárì yẹn! Wo ìka ẹ̀ tó fi aṣọ dì!"

"Pátákò ẹṣin ni mo ń gé láàárọ̀, ọ̀bẹ yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́," ni Sunday wí. "Gbogbo yín lẹ rí mi."

Sẹ̀kínátù lóṣòó ti gàárì. Ó gbé awọ tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ikùn ẹṣin sókè. Apá kan já wúruwùru, bí ohun tó já fúnra rẹ̀. Apá kejì gún tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ẹnì kan ti gé e dé ìdajì láti inú, níbi tí ojú ò tó, kí ìyókù lè já nígbà tí ẹṣin bá sáré.

"Sunday, mú ọ̀bẹ ẹ wá."

Ọ̀bẹ pátákò ni, ẹnu rẹ̀ rí kọdọrọ bí ẹnu àṣá. Sẹ̀kínátù fi gé etí awọ kan náà. Ó ya á jákujàku.

"Ọ̀bẹ yìí kọ́."

"Ṣé ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló wà láyé ni?" Adéjàre ò gbà. "Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Sẹ̀kínátù tẹjú mọ́ awọ náà. Ó ń wo èèrà. Wọ́n ti tò wá láti inú yanrìn, wọ́n bo ojú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára awọ náà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì pupa fòò. Ó wo aṣọ tí Sunday fi di ìka: ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, ó ti dúdú, èèrà kankan ò sì yà síbẹ̀. Ó fi ìka kan èyí tó wà lára awọ. Ó ń fà bí oyin.

"Ìgbà wo lo fi gàárì sílẹ̀?"

"Nígbà ìsinmi ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dì í tán. Mo lọ bu omi fún àwọn ẹṣin tó kù."

"Nígbà tó o padà, o yẹ abẹ́ ẹ̀ wò?"

Sunday tẹrí ba. "Ìyàwó mi fi fídíò ọmọ ránṣẹ́. Ọmọ náà ń yán. Òun ni mò ń wò."

Fóònù Adéjàre dún. Ó gbọ́ ọ, ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn.

"Isaac ò kú," ló wí. "Àmọ́ iṣan ọwọ́ ẹ̀ ti já. Dókítà ní kò dájú pé ìka yẹn á tún tẹ okùn gìtá mọ́."

Tàófíìkì jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó káwọ́ lérí.  Sunday kàn ń wo ojú títì, níbi tí mọ́tò ọlọ́pàá máa gbà wá.

Lábẹ́ àgọ́, Bùkọ́lá tó ń kun ojú fún àwọn òṣèré ń rán ìdí fìlà funfun kan pọ̀. Abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́.

"Kí lo fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ò ń kùn fún wọn?" Sẹ̀kínátù bi í.

"Ṣúgà sísè, pẹ̀lú aró pupa tí wọ́n ń fi sí kéèkì. Ó máa ń kan ẹnu wọn, kò gbọdọ̀ ní májèlé."

"Èèrà fẹ́ràn ẹ̀?"

"Háà! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Tàófíìkì lọ láàárọ̀."

"Kí lo fi ń gé irùngbọ̀n àlẹ̀mọ́?"

"Bíléèdì." Bùkọ́lá dáwọ́ dúró. "Ọ̀kan ti kúrò nínú àpótí mi lónìí."

"Bíléèdì tìẹ, ẹ̀jẹ̀ tìẹ. Isaac sì já ẹ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

Bùkọ́lá ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ó já mi sílẹ̀! Mo sì sunkún, mo jẹun, mo sùn! Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fẹ́ bá Isaac jà, ojú ẹ̀ ni mi ò bá kùn bí ojú ọ̀bọ, kí gbogbo Nàìjíríà fi ṣẹ̀sín. Kí ni mo fẹ́ fi egungun ẹ̀ ṣe?"

Sẹ̀kínátù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Fìlà ta lò ń rán?"

"Ti orin ìparí eré. Isaac ló ní kí n rán an kéré. Mo ní, ṣebí orí ẹ lo fẹ́ dé e sí, orí ẹ tó tó ìkòkò? Ó ní kí n má bi òun léèrè."

"Ta lo kùn ní ẹ̀jẹ̀ lónìí?"

"Tàófíìkì nìkan. Òun nìkan ló kú lónìí."

"O máa ń ya wọ́n ní fọ́tò?"

"Kí wọ́n tó lọ sinmi, àti nígbà tí wọ́n bá dé. Kí ojú wọn má baà yàtọ̀ nínú fíìmù."

"Jẹ́ n rí i."

Sẹ̀kínátù wo fọ́tò méjèèjì títí. "O tún un kùn lẹ́yìn ìsinmi?"

"Kí ni mo fẹ́ tún kùn? Ojú ẹ̀ wà bó ṣe wà."

Tàófíìkì ṣì jókòó nínú yanrìn, ẹ̀jẹ̀ ṣúgà wà ní ẹ̀bátí rẹ̀, eruku àtọwọ́dá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sẹ̀kínátù bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Àbúrò, pẹ̀lẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kejì mi ni. Abọ́ kan náà la jọ ń jẹ."

"Mo mọ̀. Níbo lo wà nígbà ìsinmi?"

"Mọ́ṣáláṣí ilé epo. Mo lọ kírun Alásàárì."

"Ṣé ẹ̀rọ omi wọn ti ń ṣiṣẹ́? Mi ò bá omi níbẹ̀ lọ́jọ́sí."

"Omi wà, alhamdulillahi. Ó tutù bí ti fíríìjì. Mo ṣe àlùwàlá mi dáadáa, mo kírun, mo padà."

"Ẹnikẹ́ni rí ẹ?"

"Ọlọ́run rí mi."

"Ó rí ẹ lóòótọ́," ni Sẹ̀kínátù wí, ó sì dìde.

Eruku ti ń gòkè lójú títì. Mọ́tò kan ń bọ̀, iná orí rẹ̀ ń yí. Sunday rí i. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó kì í bọ Sẹ̀kínátù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pe ìyàwó mi. Ẹ sọ fún un pé..." Ó tún wo mọ́tò náà. "Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó sọ ọmọ lórúkọ ná."

"Mú fóònù ẹ, jàre! Èmi kọ́ ni màá pè é. Ìwọ ni." Ó kọjú sí àwọn yòókù. "Ọ̀gá, ẹ súnmọ́ ibí. Bùkọ́lá, mú ike omi wá. Tàófíìkì, dìde."

Tàófíìkì dìde.

"Ṣe àlùwàlá fún wa, bó o ṣe ṣe é nírọ̀lẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtumọ̀...?"

"Ṣe é!"

Sẹ̀kínátù ń da omi sí i lọ́wọ́. Tàófíìkì fọ ọwọ́. Ó yọ ẹnu, ó fín imú. Ó bu omi sójú. Kíá ni omi pupa ṣàn wálẹ̀ láti ẹ̀bátí rẹ̀, ó gba irùngbọ̀n, ó kán sáyà. Eruku àtọwọ́dá di ẹrẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yọjú, ojú ọmọ Naif tó ń ta fóònù ló kù, kò sí olè, kò sí òkú.



"Ọ̀gá, ẹ wo fọ́tò," ni Sẹ̀kínátù wí. "Èyí ni ojú ẹ̀ kó tó lọ sinmi: ẹ̀jẹ̀ ṣe bí ẹ̀ka igi ní ẹ̀bátí. Èyí ni ìgbà tó dé: ẹ̀ka igi kan náà, kò dín, kò lé. Bùkọ́lá ò tún un kùn. Àlùwàlá wo ni wọ́n ṣe tí omi ò kan ojú?"

"Tàyámọ́mù ni!" Tàófíìkì pariwo. "Yanrìn ni mo lò, mo gbàgbé!"

"O gbàgbé omi tó tutù bí ti fíríìjì? Yanrìn náà, ṣé wọn kì í fi pa ojú ni? Ta lò ń kọ́ lẹ́sìn, èmi ọmọ Àlùfáà?" Ó tẹ ìka mọ́ fọ́tò. "Ẹ wá wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Kó tó lọ, ìka ẹ̀ pupa dé èékánná. Nígbà tó dé, ojú ẹ̀ ò yí padà, ìka nìkan ló ti mọ́. Ibo ni ẹ̀jẹ̀ ìka lọ? Ẹ bi èèrà. Abẹ́ gàárì ló nù ún sí nígbà tó di awọ mú, tó ń fi bíléèdì rẹ́ ẹ. Nígbà tí Bùkọ́lá ń kùn ún lójú ló ti mú bíléèdì náà, torí àpótí ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Sunday ń bu omi. Ẹni tó lọ mọ́ṣáláṣí, ta ló máa wá a?"

Tàófíìkì jókòó padà sínú yanrìn.  Ó bọ́ bàtà kábọ́ì ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó gbọn ọ́n. Bíléèdì jáde, ó bọ́ sínú yanrìn.

"Orin yẹn ni," ló wí.

"Orin wo?"

"Orin ìparí. Èmi ni mo ni ín." Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. "Nígbà tí ìyá mi kú l'Óṣogbo, físà mi ti tán, mi ò lè lọ. Ojú fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe sin ín. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo kọ orin yẹn, Isaac ń gbọ́ lókè. Ọjọ́ tí ọ̀gá ní kí oníkálukú mú orin ara ẹ̀ wá, Isaac ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Orin ìyá mi ló kọ. Ó ní òun lòun ṣe é. Orin náà ló sọ ọ́ di akọni."

"O sì dákẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni! Mo ní á tó sọ òótọ́. Ọjọ́ ń lọ. Lónìí ló fẹ́ kọ ọ́ sínú kámẹ́rà. Tó bá ti kọ ọ́, khalas, ó ti parí, ìyá mi ti di ìyá ẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó ṣáà ṣubú. Kó fara pa díẹ̀, kó má lè kọ ọ́. Mi ò ní kí ọwọ́ ẹ̀ kán."

"Sunday ńkọ́? O rí i lórí ìkúnlẹ̀."

Tàófíìkì ò lè wo Sunday lójú. "Mo rí i."

Ọ̀gá Adéjàre ti jókòó sórí gàárì tó wà nílẹ̀. Ó ń wo Tàófíìkì, ó ń mi orí. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Mọ́tò ọlọ́pàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ilẹ̀kùn ṣí.

Fóònù Adéjàre tún dún. Ó ṣèèṣì tẹ ibi tó ń gbé ohùn jáde síta.

"Ọ̀gá?" Isaac ni. Oògùn ti mú ohùn rẹ̀ wúwo. "Ẹ má sún orin ìparí sí ọ̀la nítorí mi o. Oòrùn ò tíì wọ̀. Tàófíìkì wà níbẹ̀?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Tàófíìkì.

"Tàófíìkì, ṣé ọ̀gá ti sọ fún ẹ? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó bá ẹ lójijì. Mo ti jẹ́wọ́ fún wọn láàárọ̀. Orin ìyá ẹ ni. Ìwọ lo máa kọ ọ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Bùkọ́lá, o ti rán fìlà yẹn tán?"

Bùkọ́lá rìn lọ bá Tàófíìkì. Ó gbé fìlà funfun náà dé e lórí.

Ó ṣe rẹ́gí.