Pẹpẹ Tó Wà ní Ìhòòhò

"Ẹ wò ó! Pẹpẹ orí ibi ìyáná wọn wà ní ìhòòhò!"

Augusta, tó bá Minnie wá kí Lavinia nílé, ló nawọ́ sí i. Minnie fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Lavinia bí ẹni tí aṣọ já bọ́ lára rẹ̀ lójú títì.

Ní ìlú Croydon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìwé ìròyìn ọ̀ṣọ́ ilé ló ń pàṣẹ fún gbogbo yàrá àlejò. Ó ti ní ilé tí kò bá fi aṣọ oníwajawaja bo pẹpẹ yẹn, ilé ará oko ni.

"Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀," Lavinia dá wọn lóhùn. "Ẹ ó rí nǹkan."

Nǹkan wo? Ìyá àgbà rẹ̀, Keziah, tó ń fọṣọ fún àwọn ọlọ́lá, ló ń tọ́ ọ. Aṣọ gidi kan ṣoṣo ló wà nílé: aṣọ funfun tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ rán, èyí tí wọn yóò fi tẹ́ ẹ bó bá kú. Ó máa ń sọ pé, "Mi ò rí ti láyé wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ti ọ̀run."

"Màmá ṣì le koko," Lavinia wí nínú ara rẹ̀. "Màá rán òmíràn." Ló bá ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ funfun náà. Ó rẹ ẹ́ láró pupa, ó so wajawaja mọ́ etí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Augusta wo pẹpẹ, ó wo Minnie. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí pa mí o! O ò tíì ka ìwé ìròyìn toṣù yìí ni? Wọ́n ní ilé ọtí nìkan ló kù tó ń wọṣọ fún pẹpẹ!"

Ìyá gbọ́ ariwo, ó jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kan ojú rírán aṣọ náà.

"Lavinia, ṣé aṣọ òkú mi kọ́ nìyí?"

"Yéè! Aṣọ òkú!" Àwọn méjèèjì sá jáde. Ẹ̀rín wọn ń dún títí dé igun òpópó.

Ìyá kò lù ú. "Ṣé wọ́n tiẹ̀ yìn ọ́?" ló bi í.

Lavinia ká aṣọ náà kúrò lórí pẹpẹ.

Òtútù ọdún yẹn ló pa ìyá. Kò sí aṣọ mìíràn. Aṣọ pupa yẹn ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, wajawaja yí i lọ́rùn ká. Augusta wá wò ó. Ó fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀yin ọmọ, n ò ní foyin sí i fún yín. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń fi ilé yín ṣẹ̀sín lónìí, bí ẹ bá ya ẹran ara yín fi ṣe ọ̀ṣọ́, yóò rí òmíràn fi ṣẹ̀sín lọ́la. Àṣà á yí padà lóṣù tó ń bọ̀. Aṣọ tí ẹ ti gé kò ní so pọ̀ mọ́.