Ẹ̀dà Tó Kéré Jù

Táyà ti wà lọ́rùn Àtàndá, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo ojú rẹ̀, nígbà tí Ìnsìpẹ́kítọ̀ Gbénró yìnbọn sókè ní Ìkòsí. Àwọn tó fẹ́ dáná sun ún fọ́n ká. Ohun tí wọ́n ń pariwo ni pé Àtàndá, ọlọ́dẹ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ló fi sípánà fọ́ orí Elkanah tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀ òkú wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Mo gbé wọn ni, Ọ̀gá! Mo rò pé wọ́n ṣì ń mí!" ni Àtàndá ké.

Inú bí Gbénró gidigidi. Ó kórìíra ìdájọ́ ojú títì. Ó fi Àtàndá ránṣẹ́ sí ọsibítù, ó sì wọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ Elkanah ti ta dé àjà.

Vivian, tí òun àti Elkanah jọ ń ṣiṣẹ́, ń sunkún kíkan. "Mo ti lọ sí Gbàgádà, sir. Ẹ wo kọ̀ǹpútà: lẹ́yìn tí mo lọ ni Elkanah parí backup, ẹ̀dà iṣẹ́ wa tá a máa ń fi pa mọ́. Àtàndá nìkan ló kù síbí."

Gbénró ní kí Charles, ọ̀gá wọn, yẹ ẹ̀dà náà wò. Ẹnu ya Charles.

"Ó ti kéré jù! Èyí tí Elkanah ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dísíìkì."

"Kí ló fà á?"

"Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn la ń lò, Inspector. Ohun tá a bá delete níbẹ̀ kì í lọ, ó ṣì ń gba àyè nínú backup. Àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fi òdo kún gbogbo àyè tó ṣófo, kó tó fún backup náà pọ̀ kó lè kéré. Vivian ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí dísíìkì wa ò tó. Elkanah ò gbà rárá. Ó ní ohun tá a bá ṣèèṣì pa rẹ́, a ò ní rí i mọ́. Ìjà wọn ojoojúmọ́ nìyẹn."

Ẹkún Vivian dá wáí.

"Madam, kí lẹ fẹ́ kó pa rẹ́ pátápátá?" ni Gbénró bi í.

Vivian fa sísọ́ọ̀sì yọ, ó fi gún Gbénró lápá. Gbénró gbá a mọ́ ògiri, ó lọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí sísọ́ọ̀sì fi já bọ́.

"Ó ní òun ti rí i!" ni Vivian kígbe. "Orúkọ àwọn oníbàárà tí mo tà fáwọn onífọ́-wán-náìnì!"

"O pa á kó o tó lọ," ni Gbénró wí. "O wá bẹ̀rẹ̀ backup, kó lè parí lẹ́yìn rẹ, kí wọ́n lè rò pé ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bó o ṣe máa ń ṣe é lo ṣe é, kì í ṣe bíi tiẹ̀. Ẹ̀dà tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà. Gbogbo ohun tó o pa rẹ́ la máa rí níbẹ̀."

Ní ọsibítù, wọ́n ti di ojú Àtàndá kan, kò ní fi ríran mọ́. Gbénró sọ fún un pé ọwọ́ ti tẹ apààyàn.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ìta yẹn. Ibẹ̀ náà ni màá gbà relé."