Oko Fárọ̀mbí Kò Kú

Ẹ ti fura, ẹ má wulẹ̀ purọ́: ọkùnrin tó bá gbé fóònù ka orí ọ̀pá, tó ní òun ń fi ayé han ayé, ara rẹ̀ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni Dìran rí. Ọmọ Igbein ni, ọmọ olùkọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, irun rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ní gbogbo Sátidé ni ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí yàrá kan ní Kémta, ní Abẹ́òkúta, tí á máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi fídíò kékeré sọ ohun tó ń da gbogbo ayé láàmú: odò tí ọ̀rá ti dí, ogun, òjò tí kò mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ rere ni. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ayé bá ń jó, Dìran ló máa ń dúró síwájú iná.

Ọ̀rọ̀ òjò ló gbé e dé Ọ̀fàdà. Ó ń fẹ̀yìn rìn gba ojúde ilé àgbẹ̀ kan kọjá, ó ń wo ara rẹ̀ nínú fóònù bí ẹni ń wo jígí, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ni ohùn kan bá ta:

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n oníjígí! Ẹ wolẹ̀!"

Dìran kò wolẹ̀. Ẹni tó ké ló wò. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, èèpo ìrẹsì wà nínú irun rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó na igi tí wọ́n fi ń yí ìrẹsì sí i bí ẹni tó fẹ́ fi lu ènìyàn.

"Kí lorúkọ yín?" ni Dìran bi í.

"Ifáníkẹ́, ọmọ Fárọ̀mbí. Tiyín ńkọ́?"

"Ẹ ò mọ̀ mí? Ṣé ẹ kì í wo fídíò ni?"

"À ń wò ó. Tí ìrẹsì bá ti gbẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ohun kan já bọ́ lọ́wọ́ Dìran lọ́jọ́ náà, kì í ṣe fóònù.

Oṣù méjì ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, títí "ẹ" fi di "o", tí "ẹ̀gbọ́n" fi di "Oníjígí mi, ṣé o ti jẹun?" Bí Ifáníkẹ́ bá kó ìrẹsì wá sí Abẹ́òkúta, Dìran ló máa ń bá a ru àpò. Irun á bàjẹ́, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ Dìran mọ̀ pé ìfẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé fídíò tó yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé Ọ̀fàdà jáde. Nínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín ilẹ̀ gbígbẹ, ó bu erùpẹ̀, ó jẹ́ kó máa dà bọ́ láàárín ìka rẹ̀. "Oko Fárọ̀mbí rèé," ni ó wí. "Ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa á." Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wò ó. Lẹ́tà dé láti òkè òkun: wọ́n fẹ́ kí ó wá fi í han ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, kí ó fèsì kó tó di ọjọ́ Jímọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé gan-an ni Ifáníkẹ́ dákẹ́.

Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́fà. Dìran ń wo fóònù, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ keje, ìpè wọlé.

"Dìran, ta ló sọ fún ọ pé oko wa kú?"

"Ìfẹ́ mi, ilẹ̀ náà gbẹ, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀..."

"A ti kórè ẹ̀ ni! Ìrẹsì inú ẹ̀ la sá síta lọ́jọ́ tí o wá."

Ifáníkẹ́ tún fi kún un:

"Àwọn oníbàárà wa ti lọ rà níbòmíràn. Wọ́n ń kí màmá mi kú àmúmọ́ra. Lóòótọ́ ni òjò ṣe wá: ẹ̀ẹ̀mejì la gbin irúgbìn lọ́dún yìí kó tó hù. Ìyẹn ni ìtàn tó yẹ kí o sọ. O ò bi wá."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ dé ojúde àwọn mọ́. Wọn ò sọ ìdí. Ṣé ó ku ìdí tí wọn ó sọ?"

Ọjọ́bọ̀ ni Dìran kó àwọn ọ̀dọ́ Kémta jọ. "Mo purọ́ fún yín. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, torí mi ò bèèrè."

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Haleemah nawọ́ sókè. "Sà, ṣé àwa lè lọ bèèrè?"

Inú oko Ọ̀fàdà ni wọ́n lọ, wọn ò dé ilé. Àwọn ọ̀dọ́ ló bi Ifáníkẹ́ ní ìbéèrè, àwọn ló gbé fóònù. Dìran di agbòòrùn mú lé wọn lórí. Kò síbi tí ojú rẹ̀ ti hàn. Ó pa fídíò àtijọ́ rẹ́. Ó kọ̀wé sókè òkun pé irọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìlà méjì péré dá a lóhùn: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Irínwó ènìyàn ló wo fídíò tuntun. Màmá Dìran wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ifáníkẹ́, mà."

Màmá Dìran bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. "Kò burú. Kò sórúkọ tí Ọlọ́run kò lè pè."

Ifáníkẹ́ náà pè: "Oníjígí, mo ti dárí jì ọ́. Ó ku Bàbá."

Dìran wọ bùbá funfun lọ sí Ọ̀fàdà. Fárọ̀mbí jókòó síwájú ilé, Ifáníkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò àná ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, àmọ́ wọ́n tẹ́ tapólì, ọ̀rá fífẹ̀ kan, sí ojúde. Dìran ro ti bùbá, orí tapólì ni ó gbà, ibẹ̀ ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí. Ohun kan ń gún un láyà. Ó rò pé ẹ̀rí-ọkàn ni.

"Ẹ foríjì mí, sà. Nítorí fídíò yẹn..."

"Fídíò wo?"

Dìran ṣàlàyé. Fárọ̀mbí fa fóònù kékeré kan yọ, tí wọ́n fi rọ́bà so. "Tèmi rèé. Ìpè nìkan ló ń gbé. Mi ò rí fídíò kankan."

"Kí wá ni mo ṣe, sà?"

"Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wá, o fi bàtà rìn lórí ìrẹsì tí mo sá. Oúnjẹ! Ọmọ mi ké sí ọ, o ò wolẹ̀."

Ifáníkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ní o ti yí padà," ni bàbá náà wí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo tapólì, ó mí kanlẹ̀. "Òun ló mọ ohun tó rí. Kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀ wá kí wa."

Ayọ̀ gbé Dìran nílẹ̀, ó fò sókè, ó wá ojú olólùfẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa Ifáníkẹ́, kò sì wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Ìrẹsì ló wà lórí tapólì, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ Dìran.