Ìwé Yàrá Kẹta

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bó bá di pé kó ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹni tó jókòó tì í ló ń bá a ṣe é. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí ẹran tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún, àmọ́ wọn ò kíyè sí i pé ó ń rìn lọ sáàárín.

Ọjọ́ tó rán apá ẹ̀wù oníbàárà sódì ni ọ̀gá rẹ̀ tó wò ó lójú dáadáa. Ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì mú un lọ bá bàbá rẹ̀ nílé.

Bàbá ọmọ náà, jórinjórin ni, wolẹ̀. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí ilé ìwòsàn ti sọ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Nígbà tó ní òun ò lówó, nọ́ọ̀sì kọ ìwé fún un pé kó lọ sí yàrá kẹta, níbi tí wọ́n ti ń ran aláìsàn tí owó ò ká lọ́wọ́. Ó rí àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó yà sílé.

"Mo ṣì lápá," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi mọ́ ti tálákà. Mo ní mo máa tu owó náà jọ."

"Bàbá, ẹran yẹn ò dúró dè yín. Ìwé ọ̀hún dà?" ọ̀gá aránṣọ náà bi í.

Ó ṣì wà lápò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yàrá kẹta bá wọn san ìdajì owó náà, wọ́n ní kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè mélòó kan péré ni wọ́n bi í. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọmọ sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹran yẹn ti bo àárín ẹyinjú, àpá rẹ̀ ò sì lọ. Dókítà ní ojú ọ̀tún ò ní ríran kedere mọ́, pé ká ní wọ́n tètè wá ni, kì bá rí bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí bínú sí bàbá yìí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ẹ̀yin òbí, ohunkóhun tó bá hù lójú ọmọ, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bówó ò bá tó, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Jórinjórin yìí kì í kúrò nílé mọ́ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ó ti ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.